Ọwọ́ Ta Ni Ìnura Wà?

Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀.
Omi gbígbóná á jẹ́ kó dì mọ́ aṣọ.
Ìyá mi ló kọ́ mi, ní Merthyr, nítòsí kòtò èédú,
nígbà tí ìnura mẹ́fà ń dé láti ilé ẹ̀ṣẹ́ bàbá mi
ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé.

Idwal, bàbá mi, kì í kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́ nígbà náà.
Igun ló ń dúró sí: garawa, ìgò omi, àpótí ìjókòó,
ìpara tí ń dá ẹ̀jẹ̀ ojú dúró.
Ó ní láyé bàbá òun, kànìnkànìn ni wọ́n ń jù,
wọ́n á sọ ọ́ sókè ní tútù, tòun ti omi pupa,
á máa kán sórí fìlà àwọn tó ta tẹ́tẹ́.
Ẹni tó bá rí kànìnkànìn lójú sánmà
mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé.
Nígbà tó yá, kànìnkànìn di ìnura.
Èmi ò mọ ẹni tó pààrọ̀ wọn. Bàbá mi náà ò mọ̀.
Ó ní bóyá torí pé ìnura fẹ̀, ó sì funfun,
kò sí rẹfirí tó lè ní òun ò rí i.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yí padà:
ẹni tí wọ́n ń lù kọ́ ló ń jù ú.
Ọwọ́ tiẹ̀ wà nínú ìbọ̀wọ́, wọ́n ti so ó pinpin,
báwo ló ṣe fẹ́ di ìnura mú?
Ẹni tó dúró lẹ́yìn okùn ni,
ẹni tójú rẹ̀ ṣì ríran.

Gethin, ẹ̀gbọ́n mi, ní Cardiff, abala kẹsàn-án.
Mo wà ní ìlà kẹta, mo ń fi eyín gé èékánná.
Ojú òsì ti dí. Ó ṣì ń lọ síwájú
bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn.
Ìnura onílà búlúù, tí a jí nílé ìwẹ̀ àwọn awakùsà,
fò kọjá orí okùn, ó tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ.
Èrò hó yèè. Wọ́n ń ju ìgò.
Gethin wo ìnura, ó wo bàbá wa,
kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kànlá.

Ọ̀rọ̀ náà, ní tiẹ̀, ti jáde kúrò nílé ẹ̀ṣẹ́.
Ó wọ báńkì, ó wọ ilé ìgbìmọ̀, ó wọ ẹnu tíṣà.
Ọmọdé tí ìṣirò sú ní òun ti ju ìnura.
Ìyàwó Bryn ju ìnura, ó kó lọ sí Swansea.
Ká tó ṣẹ́jú, ìnura ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń lù,
àánú ti di ìtìjú,
wọ́n ní òun ló juwọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ wo?

Lọ́dún tí wọ́n ti kòtò èédú pa, rédíò ní
àwọn awakùsà ti ju ìnura.
Bàbá mi dìde, díẹ̀ ló kù kó fọ́ rédíò náà.
“Ta ló wà ní igun wa? Ẹ dárúkọ rẹ̀!
Ká ní ẹnì kan wà níbẹ̀, ì bá ti jù ú tipẹ́.”
Ìyá mi pa rédíò. Tíì ti tutù.

Gethin ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.
Nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí igun wọn ò ju nǹkan kan,
Haydn ò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́,
ṣíbí ń gbọ̀n lọ́wọ́ Trefor kó tó dé ẹnu.
Lánàá mo rí Gethin
tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀,
ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láìlo awò.

Kò tíì sọ ọ́ rí pé bàbá wa ṣe dáadáa.
Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó béèrè ìnura onílà búlúù lọ́wọ́ mi,
ó ká a, ó fi há abẹ́ kóòtù,
ó ní òtútù ń mú òun.