Ihò Lẹ́tà O

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà,
owó àjọ oṣù mẹ́sàn-án,
mo dì í mọ́ ẹnu ìró bí ìyá mi ti máa ń ṣe,
mo ní kí Fọlárànmí máa rìn lẹ́yìn mi,
kó máa wò ó bóyá ó ń jábọ́.
A gba Ọláìyá kọjá, a já sí Alékúwodò,
oòrùn ti gun orí páànù.

Ohun tí mo ń wá kò pọ̀.
Ọdún méjì ni mo ti ń fi àtàǹpàkò ya àwòrán
sórí fóònù tí gíláàsì rẹ̀ là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀:
àmì ilé búrẹ́dì, èèpo ẹ̀yìn ìwé,
káàdì ìkómọ tí wọn ò tíì san owó rẹ̀ tán,
ọmọ náà sì ti ń rìn.
Bí mo bá fa ojú súnmọ́ mi, imú á sá jáde.
Bọ́ọ̀lù ni ti Fọlárànmí:
"Ẹ̀gbọ́n mi, kó ṣáà ti lè gbá bọ́ọ̀lù."

Mùdàṣírù nu ọwọ́ sára ṣòkòtò,
ó gbé ọ̀kan jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun han ẹbí.
Ó dúdú, ó ń dán, bọ́tìnnì rẹ̀ ń tan iná pupa,
fáànù inú rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbò tó já okùn.
Bọ́ọ̀lù inú rẹ̀, o rí òógùn lọ́rùn agbábọ́ọ̀lù!
Ẹnu àbúrò mi ò pa dé mọ́.
"Èló?"
Ó dárúkọ iye kan.
Owó tó wà lẹ́nu ìró mi ká jọ, ojú ń tì í.

"Èyí tó wà lábẹ́ káńtà yẹn ńkọ́?"
Tọ́kúnbọ̀, àwọ̀ eérú, igun rẹ̀ kan ti ṣá.
Ọmọdé kan lókè òkun ti lẹ ẹja pupa mọ́ ọn lẹ́yìn.
Lẹ́tà O ti já kúrò níbẹ̀,
ihò ló kù, bí eyín iwájú ọmọ ọdún méje.

Gíìgì mélòó ni ìrántí rẹ̀? Mẹ́jọ.
Ṣé àyè wà láti fi kún un? Ó wà, bí owó bá wà.
Mo ṣí àwòrán aró tí mo yà lóṣù tó kọjá,
mo fa etí ìró mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
aró sí aró.
Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Tara mi ló jìn díẹ̀.
Bọ́ọ̀lù wọ inú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ò láàgùn,
koríko wọn tẹ́ bí ẹní,
ṣùgbọ́n wọ́n sáré. Fọlárànmí gbá a sáwọ̀n, ó kígbe,
ó sì tún yíjú wo oníná pupa nì.

Bẹ́ẹ̀ ni NẸ́PÀ mú iná lọ.
Oníná pupa kú fin-ín.
Mùdàṣírù ní bátìrì rẹ̀ wà lọ́nà, ó ń bọ̀ láti Ìbàdàn.
Eléérú ṣì ń tàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
ó tan ojú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Mi ò sọ̀rọ̀.
Ọlọ́jà kì í fẹ́ kí oníbàárà dákẹ́.
Ó dín ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ó fi ṣájà lé e.
A fi díẹ̀ nínú ìyókù ra dòdò Ìkirè, a jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà.

Mi ò ní purọ́, ó máa ń gbóná lórí itan.
Tí mo bá to àwòrán léra wọn tó mẹ́wàá,
á dúró, á ronú,
èmi náà á dúró dè é bí àgbà tó ń wá orúkọ ẹni.
Ọ̀sán ni tèmi. Òru, bí iná bá wà, ni ti bọ́ọ̀lù.

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo fẹ́ kọ orúkọ ìlú mi sábẹ́ àwòrán.
Òṣogbo.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti ìka bọ ihò náà,
mo ń wá rọ́bà kékeré tó wà nísàlẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló jẹ́ mi.