Oòrùn Tó Jí Oorun Gbé

Ní Utsjoki, lókè téńté ilẹ̀ Finland,
oòrùn kì í wọ̀ láti àárín oṣù karùn-ún
títí oṣù keje fi ń parí lọ.
A máa rìn gbéregbère létí òkè bí ẹni tó sọ owó nù.
Ní aago méjì òru, mo lè ka nọ́ńbà ara mọ́tò mi láti ojú fèrèsé.
Oòrùn wà, oorun kò sí:
ohùn ló yà wọ́n, ọ̀tá ni wọ́n nílé mi.

Helka ìyàwó mi, olóyún oṣù mẹ́jọ,
jókòó sétí ibùsùn, ó ń ka pákó àjà.
"Mọ́kànlélógójì," ló wí. "Iye tó jẹ́ lánàá náà nìyẹn."
Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rẹ́rìn-ín.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ọmọ ń ta á nípàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà,
ìtọ̀ ń gbé e dìde ní wákàtí wákàtí.
Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbá yìnyín kúrò lójú títì;
ta ni yóò bá mi gbá ìmọ́lẹ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Raili agbẹ̀bí dé láti Ivalo.
Kò tíì gbé ohun èlò kankan jáde tó fi ní,
"Báwo lo ṣe ń sùn?"
Ìyàwó mi bú sẹ́kún.
N kò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn tó ẹkún.
Raili ní oorun olóyún kì í ṣe ọ̀lẹ, oúnjẹ ni,
ẹni méjì ló sì ń jẹ ẹ́.
Ó wo ìkòkò kọfí wa. "Ife mélòó lójúmọ́?"
Mo ní méje. Helka ní mẹ́sàn-án.
Ó ní kó di ẹyọ kan, kí ọ̀sán tó pọ́n.
Láti ọjọ́ náà, ìta ni mo ti ń mu tèmi,
kí òórùn rẹ̀ má baà dé imú rẹ̀.

Mo fi kúbùsù bàbá bàbá mi kan ojú fèrèsé;
ìmọ́lẹ̀ gba ihò ìṣó wọlé.
Mo fi àpò ìdọ̀tí dúdú lé e, mo fi téèpù dì í.
Fóònù rẹ̀ wọ àpótí tí à ń kó ìbọ̀wọ́ sí.
Ìrọ̀rí kan sáàárín orúnkún, ọ̀kan sábẹ́ ikùn,
kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, bí Raili ṣe wí.
Ìrọ̀rí tèmi ni ìkejì. Ẹ̀wù òtútù ni mo fi rọrí.

Alẹ́ àkọ́kọ́, ó ka pákó nínú òkùnkùn, ó mọ̀ wọ́n lórí.
Alẹ́ kejì, ó bú mi.
Alẹ́ kẹta, mo bá a sọ̀rọ̀ ilé tí a fẹ́ kùn, n kò gbọ́ èsì.
Mo tún un sọ.
Ìmí rẹ̀ ló dá mi lóhùn, ó gùn, ó wúwo.

Mo yọ́ jáde sẹ́nu ọ̀nà.
Oòrùn dúró lórí odò Teno, kò tijú.
Ajá aládùúgbò lanu pé kó gbó; mo gbé ìka lé ètè.
Mo wí fún oòrùn pé:
"Tìrẹ ni gbogbo òde. Yàrá kan péré ni mo tọrọ."