Àwọ̀ Tó Kéré Jù

Ogójì ọdún ni mo fi gbẹ́ ọkọ̀ létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.
Nígbà tó yá, orúnkún fàáké kọ́rí,
èmi náà bá fi àáké kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.
Ìjókòó wá sú mi. Mo ń ka ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tó ń kọjá.

Kúbúrà, ọmọ ọmọ mi, ló gbé fóònù lé mi lórí itan:
"Bàbá, ayò aláwọ̀ nìyí. Ẹ so àwọ̀ mọ́ irú ẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."
Mo wò ó: ojú ọpọ́n rí bí afárá oyin,
ihò onígun mẹ́fà-mẹ́fà, kò sí oyin nínú ẹ̀.
Táìlì kọ̀ọ̀kan ní orí méjì, àwọ̀ méjì,
bí tọkọtaya tó ń gbé pọ̀ tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.

"Àwọ̀ mélòó lẹ rí?"
Mo ní mẹ́ta. Dúdú, funfun, pupa.
Ọmọ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
"Kò sí dúdú níbẹ̀, Bàbá! Kò sí funfun!"
Ó wá ń fìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan:
èyí pupa bí epo,
èyí ọsàn tó pọ́n, ẹ má tún pè é ní pupa,
èyí ìyeyè,
èyí ewé, èyí aró.
Èyí tó kù, ó ní pọ́pùù ni tíṣà ń pè é.
Mo gbé e sún mọ́jú. "Àlùkò ni."
"Kí ló ń jẹ́ àlùkò?"
"Ẹyẹ ni. Ó pọ̀ nínú igbó ọ̀nà Èjìnrìn nígbà tí mo wà ní kékeré."
"Ṣé ó ṣì wà?"
Mi ò dá a lóhùn.

Ẹnìkan tó pe ara ẹ̀ ní Ológbò Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n fi kò mí.
Ìlú tó wà, Ọlọ́run ló mọ̀;
ó lè jẹ́ ọ̀sán gangan lọ́dọ̀ tiẹ̀.
Mo kó pupa. Mo kó pupa bí ẹni ń rọ epo sí kẹ́ẹ̀gì,
pupa mi pé méjìdínlógún, ẹsẹ̀ mi ti ń jó lábẹ́ àga.
Fóònù ní mo fìdí rẹmi.
Mo ní ojúsàájú ni. Mo ní ẹ̀rọ yìí ń ṣe màgòmágó.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin léraléra!
Wọ́n kúkú ti sọ pé ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀;
tèmi ló ń balẹ̀.

Oorun ti ń gbé Kúbúrà lọ nígbà tó rántí sọ ọ́:
"Wọn kì í ka èyí tẹ́ ẹ ní jù, Bàbá.
Èyí tó kéré jù lọ́wọ́ yín ni wọ́n ń kà."

Ẹ̀n-ẹ́n.
Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò fi èdè ọkọ̀ sọ ọ́ fún mi?
Ta ni kò mọ̀ pé ibi tí etí ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀ jù lomi ń gbà wọlé?
Orí ọkọ̀ ìbáà ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ò kan omi.
Mo padà wo ohun tí mo kó jọ:
pupa méjìdínlógún, àlùkò òdo.

Ní aago kan òru, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀ bí ìgbì.
Mo lọ dúró lójú fèrèsé tó kọjú sọ́sà,
mo na fóònù sókè bí ẹni ń fi fìtílà wá ọmọ.
Mo fi pupa sílẹ̀. Ó dùn mí o.
Mo gbé àlùkò ti àlùkò, ẹyọ kan, ẹyọ méjì,
mo dínà ewé mọ́ Ológbò níbi tí kò ti fura,
mo fi táìlì tó kẹ́yìn dí àyè yẹn
bí mo ti máa ń fi òwú àti ọ̀dà dí ibi tí ọkọ̀ ń jò.

Ó kan Ológbò. Ológbò ń ronú.
Bátìrì ku ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún.
Àbí ó ti sùn ni, níbi yòówù tó wà?
Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń dúró dè é,
mo ń gbìyànjú láti rántí bí àlùkò ṣe ń ké,
kí n lè ké e fún Kúbúrà tó bá jí.