Ẹ̀rọ Ka Orúkọ Mi

Lẹ́tà mẹ́fà ni tíṣà fi kọ́ mi ní orúkọ mi
ní Ìsánlú, kí n tó gòkè wá sí Kubwa:
Bọ́ṣẹ̀dé.
Lálẹ́ ọjọ́ kan mo fi í lé ẹ̀rọ lọ́wọ́,
mo ní, bá mi kà á.
Ẹ̀rọ ní méjìlá.

Mo fi ìka kà á lórí tábìlì tí eruku ọyẹ́ ti bò.
Mẹ́fà, mẹ́fà náà ni.
Ẹ̀rọ kò jiyàn, kò sì yí ohùn padà.
Fìlà tí E dé, ó kà á séèyàn.
Bàtà tí S wọ̀, ó kà á séèyàn,
bí ẹni tí a ní kó ka àlejò lẹ́nu ọ̀nà
tó ka bàtà àti fìlà mọ́ wọn,
tó wá ní kí a se oúnjẹ èèyàn méjìlá.

Iṣẹ́ mi ni èyí, ẹ má rẹ́rìn-ín:
ìwé àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára
ní ilé ìwòsàn Byazhin,
ẹgbàajì orúkọ ó lé,
tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ìkánjú tẹ̀,
àlàfo níwájú, àlàfo lẹ́yìn.
Mo ní ọ̀bẹ kan tó ń fá etí orúkọ
bíi Ìro wánzámì abẹ́ igi dongoyárò:
ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á mọ́ róró,
kò ní fọwọ́ kan àárín.
Òmíràn ń gé ìlà gígùn níbi tó bá ti rí kọ́mà,
bí àwọn ọmọ oníìrèké ti ń ṣe ní Zuba,
wọ́n á gé e ní oríkèé,
wọ́n á sọ oríkèé nù.
Bí mo bá fẹ́ kó wọn jọ, mo ní igi tẹ́ẹ́rẹ́,
mo ń gún wọn mọ́ra bí ẹran sùyà.

Mo fi eré yí Bọ́ṣẹ̀dé síwá-sẹ́yìn.
Gbogbo lẹ́tà kọrí padà,
ṣùgbọ́n fìlà kò bá olórí lọ.
D tí kò ní nǹkan kan rí
ló dé fìlà, ló tún wọ bàtà aládùúgbò.
O tèmi dúró ní ìhòòhò.

Ọ̀gá wa láti Garki ní: "Ṣá gbogbo àmì yẹn dànù.
Kí ibẹ̀ mọ́."
Mo ṣá wọn.
Bosede. Mẹ́fà.
Ẹ̀rọ àti tíṣà rẹ́.

Ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì Shekwogaza dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń pe
"Anazumi! Anazumi!"
Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn,
ọmọ ń wúkọ́ láyà rẹ̀.
Kò dáhùn. Kí ló fẹ́ dáhùn sí?
Ɗan'azumi ló sọ ọmọ, ọmọ tí a bí sínú oṣù ààwẹ̀.
Ìkọ́ kékeré ló wà lórí D tiwọn.
Ọ̀bẹ mi kò rí irú rẹ̀ rí,
kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fìlà yẹn,
ó gbé olórí pẹ̀lú fìlà, ó jù wọ́n nù.
Ɗa ni Háúsá ń pe ọmọ.
Mo ti yọ ọmọ kúrò nínú orúkọ ọmọ.

Kò bínú. Ó ń pè é fún mi díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń ka owó fún akọ̀wé báńkì.
Shekwogaza kọ àìsàn sí káàdì.
Mo wo ojú ẹ̀rọ: iko.
Ìkọ́ tí mo yọ, ikọ́ tí ọmọ ń wú,
ọ̀kan náà ni wọ́n níbẹ̀.

Iná dé ní aago mọ́kànlá alẹ́ yìí.
Mo ti pa ọ̀bẹ yẹn rẹ́, ọ̀gá kò tíì mọ̀.
Mò ń kọ òmíràn tí yóò máa ka orí,
tí yóò fi fìlà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.
Ó ka Bọ́ṣẹ̀dé, ó ní mẹ́fà.
Ó ka Ɗan'azumi, ó ní mẹ́sàn-án,
torí ó ka àmì bíńtín àárín yẹn mọ́ ọn.
N kò mọ̀ bóyá lẹ́tà ni, tàbí èémí lásán.
Màá bi bàbá rẹ̀ lọ́la,
bí wọ́n bá tètè dé.