Ọ̀nà Àbọ̀ Epo

Òjò ń lu páànù ní Bárígà.
Mo tẹ́ bébà sórí tábìlì tí a fi ń lọ aṣọ,
mo fi bírò pupa fa epo jáde látinú táńkì.

Kabúrétọ̀ ni mo fi kọ́ṣẹ́ ní Ládípọ̀:
gbé epo sókè, yóò sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀
bí omi òrùlé ṣe ń wá kòtò.
Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì bàálù yìí, ínjẹ́kítọ̀ ló ń lò,
kì í mu epo tó bá ń rọra bọ̀;
àfi kí wọ́n tì í sí i lọ́fun.

Nítorí náà, pọ́ńpù méjì.
Bí ọ̀kan bá dákẹ́ lókè ọ̀sà,
n kò lè páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkùukùu kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Mo gbé ọ̀pá epo jìnnà sí sàléńsà,
torí epo tó bá gbóná jù a máa di ooru,
pọ́ńpù á máa gbé afẹ́fẹ́ mì bí ẹni ń jẹun lójú àlá,
ebi á pa ẹ́ńjìnnì níbi tí kò ti sí búkà.

Èyí tí ínjẹ́kítọ̀ kò bá mu tán ńkọ́?
Bó ti wù kí àjò dùn tó, onílé á relé.
Mo fa ọ̀nà àbọ̀ sínú táńkì òsì,
mo kọ déètì, mo fọwọ́ sí i.

Tinúadé wọlé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi méjì.
Ó wo bébà náà pẹ́.
"Bàámi, ọ̀tún lẹ ti ń fà á,
òsì lẹ ń dá a padà sí.
Bí òsì bá ti kún tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní kó gbé omi lọ sílé ìdáná.

Mo jókòó.
Mo rí i: epo ń gba ihò ìmí táńkì òsì dànù
sórí àwọn apẹja Ìlàjẹ,
ọ̀tún ń gbẹ,
èmi ń wo aago, mò ń sọ pé epo ṣì pọ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá.
Dúrọ́ọ̀mù méjì ẹ̀yìnkùlé ló ń pọnmi sí láràárọ̀;
ó mọ èyí tó ń kún.

Bírò pupa kò ṣeé pa rẹ́. Mo mú bébà mìíràn,
mo ya fáàfù tó ń yí lọ yí bọ̀ pọ̀:
ibi tí a bá ti bù ún, ibẹ̀ ló ń padà sí.

Bàálù náà kò tíì ní apá.
Ìrù rẹ̀ wà ní kọ́rídọ̀, aṣọ ilé ìwé ń gbẹ lórí rẹ̀.
Lálẹ́, ìyá Tinúadé bi mí
kí ló dé tí mo fi bu ẹran méjì fọ́mọ.