Èmi Kì í Ṣe Aago

Láoyè ń tún aago ṣe ní Ògùnpa
lábẹ́ agboòrùn kan tó ti ya létí.
Awò kékeré ló ń dì mọ́ ojú ọ̀tún,
ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.
Aago bàbá àgbà, aago ìyàwó tuntun,
aago tó bọ́ sínú omi ọṣẹ ní Òkè-Àdó,
gbogbo rẹ̀ ló ń ṣí láyà wò,
gbogbo rẹ̀ ló ń dá padà tòun ti ìró.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe èmi lọ́dún kìn-ín-ní.
Mo bá ti Adéọ̀yọ́ dé, ẹsẹ̀ mi á ti wú,
mo ní, "Nọ́ọ̀sì àgbà bú mi lójú àwọn aláìsàn."
Ó ní, "Tọrọ wọ́ọ̀dù mìíràn."
Mo ní, "Orúnkún ìyá mi tún ń dùn ún."
Ó ní, "Ra òróró ìpara."
Mo ní, "Ó rẹ̀ mí."
Ó ní, "Lọ sùn."
Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀.
Kò sí èyí tó tù mí.

Èmi náà ò sì mọ́ tónítóní.
Mo ní àpò kan nínú mi
tí mo ń kó ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí bí ẹni ń tọ́jú ṣénjì.
Bó bá gbàgbé iyọ̀, n óò yọ ti ọjọ́ ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde,
n óò kà á sílẹ̀ fún un, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.
Lẹ́yìn náà n óò ti yàrá,
n óò dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta,
n óò máa retí pé kó mọ ohun tí n kò wí.
Ta ló ń ka lẹ́tà tí a kò kọ?

Òjò ọjọ́ Àìkú kan ló là wá lóhùn.
Iná ti lọ. Páànù Fòkò ń pariwo bí ẹgbẹ̀rún ṣíbí,
omi ń kán sínú bàsíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbùsùn.
Mo ní, "Láoyè, èmi kì í ṣe aago.
Kò sí ohun tó dúró nínú mi.
Ìró rẹ̀ ni mo fẹ́ kó o gbọ́."

Kò fèsì. Kò wá tọ́ọ̀ṣì.
Nígbà tó pẹ́, ó ní,
"Ìgbà tó o bá ti ilẹ̀kùn, Aríyìíkẹ́,
bàbá mi ni mò ń rí.
Ó ní òun ń lọ ra sìgá ní Mọ́kọ́lá.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí.
Mo ṣì ń gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ yẹn."

Ọdún kan àti oṣù méjì la ti jọ ń sùn.
Òru yẹn ni mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀.

A kò búra. A kàn fẹnu kò lórí nǹkan díẹ̀:
ìjà lè gbóná, ilẹ̀kùn kò ní tì;
ẹni tó bá fẹ́ jáde lọ gba atẹ́gùn,
kó sọ ibi tó ń lọ àti ìgbà tí yóò bọ̀;
ọ̀rọ̀ èṣí ti di ti èṣí;
bí mo bá ní rárá, rárá ni,
kò sí ẹni tí yóò fi ẹkún tàbí ẹ̀bùn yí i padà.
Ìyá mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín,
ó ní, "Ìfẹ́ tí kò gbọ́ kì í gbó."

Ẹ má rò pé ó ti tán o.
Lánàá, ó fi owó ilé ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ láìsọ fún mi.
A jà. Ohùn wa dé ọ̀dọ̀ onílé nísàlẹ̀.
Ó ní, "Mò ń rìn dé abẹ́ afárá Mọ́lété, ogún ìṣẹ́jú."
Ó lo méjìdínlógún. Mo kà á.
Ó dé, ó ní, "Mo jẹ̀bi àìsọ; n kò jẹ̀bi fífún un."
Mo rò ó títí. Òtítọ́ ni.

Nírọ̀lẹ́ òní, mo wọlé, mo mí kanlẹ̀.
Ó yọ awò lójú, ó fa àga sún mọ́ mi:
"Ṣé kí n gbọ́ ni, àbí kí n tún un ṣe?"
Ẹ̀rín pa mí.
Mo ní, "Tòní, kó o tún un ṣe.
Ẹnu ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ló ń jò
láti àárọ̀."