Lẹ́tà sí Ilé Tí A Kò Kọ́

Ní Kutaisi, òjò òru ń gbá fèrèsé létí,
odò Rioni ń hó lábẹ́ afárá bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná.
Wọ́n ti Tsiala wọlé lórí kẹ̀kẹ́,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Òòyì ló kọ́ ọ nídìí àjàrà, ó ṣubú lé apẹ̀rẹ̀.
Bàtà rọ́bà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀. Ó ní òun ò bọ́ ọ.

Èmi Badri ni mo ń ṣọ́ ẹ̀rọ ayàwòrán.
Mo ti rí ọrùn rí: ọrùn akọrin, ọrùn awakọ̀,
ọrùn ọmọ tó gbé egungun ẹja mì.
Nínú gbogbo wọn, méjì ni mo máa ń bá,
iṣan ńlá kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì,
bí ìbejì tó ń pọn omi fún orí kan ṣoṣo.

Tirẹ̀, ọ̀tún nìkan ni.
Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti kọ ọ́ sínú ìwé:
"Òsì ti dí. Ẹ múra yàrá iṣẹ́ abẹ."
Ó kọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tí iná ń jó aṣọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dí, ẹnu rẹ̀ á ṣì wà.
Kùkùté á kù.
Nestan, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa,
fa ìjókòó sún mọ́ àwòrán.
"Badri, pa ẹran rẹ́. Egungun ni kó o fi hàn mí."
Mo pa ẹran rẹ́.
Agbárí yọ, funfun bí òkúta tí odò fọ̀.
Nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún, ihò kan wà róbótó,
tí a lè ti pẹ́ńsù bọ̀.
Lósì,
egungun.
Egungun ṣáá. Kò sí ihò, kò sí àmì ihò.

Iṣan ló máa ń kọ́kọ́ dé, nínú ọlẹ̀;
egungun á wá mọ ara rẹ̀ yí i ká,
bí amọ̀ ṣe ń yí ìka amọ̀kòkò ká.
Bí ìka ò bá wá, amọ̀ á pa ẹnu dé.
Òsì kò dí. Òsì kò wá sáyé.

A wo ọ̀tún: ó nípọn bí okùn ọkọ̀ ojú omi.
A tọ̀ ọ́ gòkè, a bá a níbi tó ti yà
lábẹ́ ọpọlọ, tó ń bù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀
ránṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì láti ìgbà ọmọdé.
Irú iṣan bẹ́ẹ̀ a máa wú nígbà mìíràn, a sì máa bẹ́.
Kò wú. Nestan ní ká tún un wò. Kò wú.
Ó gbé fóònù; ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀:
"Ọ̀gá, ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò sí nǹkan tí ẹ máa là."

Ní ìdájí a sọ fún Tsiala.
Nestan ń yà á sórí ìwé, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un yà.
Obìnrin náà rẹ́rìn-ín.
"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà.
Òmíràn, ilé wà, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà.
Òmíràn, nọ́ńbà ilé tí ẹnì kan ò kọ́ rí.
Ìyẹn, mi ò jẹ́ dá a padà.
Aládùúgbò ni mo máa ń gbé e fún.
Ó máa ń mọ ẹni tó ni ín."

Òòyì náà ńkọ́?
Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló lò lẹ́ẹ̀mejì.
"Mo gbàgbé ni," ó wí, bí ọmọ iléèwé.

Ó tọrọ àwòrán egungun, kì í ṣe ti iṣan,
ó ká a sínú àpò aṣọ òjò rẹ̀.
Mo wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ sílé.
Mo fi ìka méjì kan ọrùn mi lósì.
Ó ń lù.
Mi ò tètè gbé ìka kúrò.